Ìbéèrè Tí A Kì Í Bi Èèyàn Ní Ṣómólú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tó ń ta ìwé ilé-ìwé láti ìlú dé ìlú, ni ó kọ́kọ́ là mí lójú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ti rántí rẹ̀, bóyá mo tilẹ̀ máa sáré sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú ni mo gbé títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní àdúgbò wa níbẹ̀, bí àlejò bá wọlé, tí a kí i, tí a fún un lómi, ìbéèrè tó kàn ni, "Ilé-ìwé wo lẹ lọ?" Kì í ṣe ìwádìí rárá o. Àlejò á dárúkọ ilé-ìwé rẹ̀, ìyá àgbà á pàtẹ́wọ́, á ní, "Háà! Ẹ ó mọ àbúrò mi nìyẹn, ẹni tó máa ń lu aago níbẹ̀!" Kí a tó ṣẹ́jú, àlejò ti di ẹbí, wọ́n ti ń po gààrí fún un. Bí a bá gbàgbé láti bi í, ìyá àgbà á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́, a fi ọmọ èèyàn sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní ilé.

Ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láti padà sí bárékè, tí àwọn alágbádá ń bọ̀ wá gba ìjọba, ni bàbá mi ní kí wọ́n mú mi wá sí Ṣómólú, níbi tó ti ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló wá mú mi. Inú mọ́tò ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi.

"Gbọ́, ọmọ mi," ó ní, "ìbéèrè tiyín yẹn, bí ìlú ṣe rí ló ṣe ń rí. Ní Ìbàdàn, agboolé ni kí o kọ́kọ́ bi èèyàn. Tí o bá fi ilé-ìwé ṣáájú, wọ́n á ní ṣé o rò pé wọn ò nílé ni. Ní Èkìtì, wọn ò ní bi ọ́ bóyá o lọ, wọ́n ti gbà pé o lọ. Ibi tí o bá a dé ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kó o má sì sọ pé o ti dúró o! Ní Kánò, àfáà tó kọ́ mi ní kéwú ni wọ́n béèrè. Mo ní mi ò lọ ilé kéwú. Wọ́n káàánú mi, wọ́n ra ìwé mẹ́fà." Ó rẹ́rìn-ín títí dẹ́rẹ́bà fi wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló wá fà mí létí. "Ṣùgbọ́n ní Ṣómólú, má bi ẹnikẹ́ni. Ìdajì àwọn tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ ló fi ilé-ìwé sílẹ̀ lágbede méjì láti kọ́ṣẹ́. Àwọn tó kàwé tán ní yunifásítì Àkọkà ní ẹ̀gbẹ́ wọn níbẹ̀, wọ́n ṣì ń wáṣẹ́ kiri. Ẹni tó lọ ń kanra, ẹni tí kò lọ ń kanra. Ẹni tó bá béèrè, ìjà ló ń wá."

Mo gbọ́. Mo tilẹ̀ ṣèlérí.

Ṣómólú yìí! Bí a ṣe wọ òpópónà Bajúláyé, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kí mi káàbọ̀, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, òórùn íǹkì gba imú mi kan. Ìbò ń bọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tẹ pósítà. Ojú olóṣèlú kan náà ni mo rí níbi igba tí wọ́n sá a, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí mi! Mo bá ìyá mi, mo bá àbúrò mi obìnrin tí mi ò mọ̀ rí ju inú fọ́tò lọ, inú àwo kan náà ni a ti jẹun. Mo sọ fún ara mi pé mi ò padà síbì kankan mọ́. Àmọ́ bàbá mi ti na ìka sí mi: "Wàhálà kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wàá padà sí."

Ọjọ́ kẹta ni ọkùnrin kan tó fẹ́ di kánsẹ́lọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi láti Bàrígà, òun pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà tó ń tẹ̀ lé e, láti wo pósítà rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ tán. Agbádá funfun, fìlà ti gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lábẹ́ àwòrán rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: ẸNI TÓ KÀWÉ LÓ MỌ̀NÀ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo gbé omi fún un. Ó ní, "O káre, ọmọ dáadáa." Ayọ̀ yìí ló ṣe mí. Ẹnu mi yọ̀:

"Ẹ kú àbọ̀, sà. Ilé-ìwé wo lẹ lọ, sà?"

Ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì gbọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, lákòókò yẹn, ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí lè gbé olóṣèlú ṣubú kí ọjọ́ ìbò tó pé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn gbá mi lọ́rùn aṣọ mú. "Ta ló rán ẹ? Pẹ̀lú orí gbọ̀ngbọ̀n yìí! Ọnarébù, àwọn ẹgbẹ́ kejì ló rán an, wọ́n ti débí!"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọ oko ni, àná ló dé."

Èmi òmùgọ̀ tún dá sí i: "Ìjẹta ni, sà."

Ọkùnrin náà dìde. "Ẹ dá iṣẹ́ yẹn dúró," ó ní, ó sì jáde.

Bàbá mi kò nà mí. Ì bá kúkú nà mí! Ohun tó sọ kò ju, "Lọ di ẹrù rẹ." Mo ń sunkún, mo ń dì í. Àbúrò mi jókòó lé orí báàgì mi kí n má baà lè dì í.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé nírọ̀lẹ́, ó gbọ́, ó káwọ́ lérí, ó sì gba Bàrígà lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, òun ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun bá ọkùnrin náà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, tó dá jókòó. Òun bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ má bínú, sà. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti tọ́ ọmọ yẹn. Kíkí ló kí yín." Ọkùnrin náà ní, "Ìjẹ̀bú? Ìyá mi náà máa ń bi àlejò bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti bi mí láìfẹ́ fi mú mi."

Ilẹ̀ mọ́, báàgì mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni mo rí? Ọkùnrin yẹn ni, ó fẹsẹ̀ rìn wá, kò sí ọ̀dọ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo sá sẹ́yìn ìyá mi.

"Wá," ó ní. "Bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo wo ojú bàbá mi, bàbá mi ń wo ilẹ̀. Mo fi ohùn tíntín bi í. Ó dárúkọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú. "Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bàbá mi kú, mo wá sí Bàrígà, mo kọ́ iṣẹ́ káfíńtà."

Ẹ gbọ́, ọwọ́ mi ló pàdé ara wọn fúnra wọn! "Háà! Ẹ ó mọ ìyá àgbà mi, òun ló ń ta àkàrà lẹ́nu géètì yẹn!"

"Ìyá Alákàrà?" Ó pariwo. "Tó máa ń fún wa ní èènì? Ó ṣì wà láyé?" Ẹ̀rín gbé e, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti báàgì mi padà sínú ilé. "Ọmọ yìí kò lọ síbì kankan o." Ó wá kọjú sí bàbá mi. "Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ìwé yẹn kúrò. Ẹ kọ ọ́ pé: KÁFÍŃTÀ NI MÍ, MO MỌ IBI TÓ Ń JÒ."

Ẹ ní ṣé ó wọlé? Kò wọlé. Ẹni tó wọlé ní ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta, òjò sì ń pa àwọn ìyá lọ́jà títí ọdún fi yípo, kí káfíńtà wa tó lọ bá wọn kan òrùlé ibẹ̀. Èmi ní tèmi, mo dàgbà sí Ṣómólú, mo sì dúpẹ́.

Lónìí, ayé ti yí. Kí àlejò tó jókòó, àwọn ọmọ ti wá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ti mọ ilé-ìwé rẹ̀ àti ọdún tó jáde. Wọ́n mọ gbogbo rẹ̀ tán, omi lásán ni wọ́n á wá gbé fún un, ọ̀rọ̀ kò sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì, ọmọ Ìbàdàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn báyìí nídìí fóònù. Bóyá ó dára bẹ́ẹ̀, torí kò sí ẹni tí wọ́n ń gbá lọ́rùn aṣọ mú mọ́. Àmọ́ mi ò rí ẹni tí ìbéèrè yẹn ń pa lẹ́kún ayọ̀ mọ́ pẹ̀lú.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí ń kọ́? Bí ọmọdé kan bá bi ọ́ lọ́la, níwájú gbogbo àwọn tó gbójú lé ọ, pé níbo ni o kàwé dé, ṣé ìdáhùn ni wàá fún un, àbí ìbínú?