Kókó Tó Ń Jó Lọ́fun Mi

Ní gbogbo Malu Road nígbà yẹn, kò sọ́mọ tó gbajúmọ̀ tó mi! Bárbà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sípírítì nu ọrùn mi báyìí ni, òórùn ẹ̀ sì gbé mi padà sọ́dọ̀ dókítà ìgbà èwe mi. Wọ́n bí kókó kan mọ́ mi lọ́fun, níwájú ọrùn. Tí mo bá yọ ahọ́n, kókó yẹn á sáré gòkè, àwọn ọmọ àdúgbò á pariwo, “Do am again!”

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Màámi mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ń sunkún pé gègè ni. Dókítà ní, “Yọ ahọ́n.” Mo yọ ọ́ dé àgbọ̀n, kókó náà sì sáré gòkè.

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ nujú. Kì í ṣe gègè, gègè kì í bá ahọ́n gòkè báyìí. A máa gé e kúrò.”

Èmi ni mo wá bú sẹ́kún: “Kí ni màá wá fi han àwọn ọmọ?”

Àṣé ahọ́n tí mo fi ń ṣe yangà yẹn ló sọ àìsàn mi fún dókítà. Ẹ wo àpá ibi tí wọ́n ti gé kókó náà, ó fín! Wọ́n ní tírélà tí mo ń wà ti dínà níta, mo ń lọ jàre.