Ẹ̀rù Ìṣubú Kò Jẹ́ Kí N Pọn Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ó ti pẹ́ o! Ìgbà tí owó epo ń ṣàn bí omi ni, tí wọ́n ń la títì ńlá tó gba Ore kọjá, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń sá kúrò lóko kòkó lọ gba iṣẹ́ kọ̀ǹpìnnì.

Tíṣà ni mí. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi dé Ore, ìfẹ́ ló dá mi dúró síbẹ̀! Mo fẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀ kan tó ń wa katapílà fún àwọn tó ń la títì náà. A bí ọmọbìnrin kan, a sọ ọ́ ní Morẹ́nikẹ́.

Ọmọ yẹn kò tíì lè dá jókòó tí sítírókù fi kọlù mí. Mò ń múra iléèwé láàárọ̀ ni apá òsì mi kọ̀, tí ẹsẹ̀ òsì kọ̀, tí ẹnu mi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ní in! Wọ́n tọ́jú mi dáadáa ní ọsibítù. Wọ́n kọ́ mi ní ìrìn. Wọ́n tún kọ́ mi pé bí mo bá ṣubú, kí n yí sí ẹ̀gbẹ́ tó lágbára, kí n kúnlẹ̀, kí n di nǹkan mú, kí n tó dìde. Nígbà tí mo délé, mo ti ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Àfi bí mo ṣe ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun kankan ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wọnú mi, kò sì jáde mọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí mo bá ti fẹ́ dìde báyìí, òógùn á bò mí, màá tún jókòó padà. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ní ọsibítù sì ti fò lọ lórí mi.

Kí n má parọ́ mọ́ ọkọ mi, ó fẹ́ràn mi. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ó ra àga onítìmùtìmù, ó ra tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí n ṣáà máa wò ó. Bí mo bá mira pẹ́nrẹ́n, gbogbo ilé á pariwo pé Tíṣà, jókòó! Kí ni kí n ṣe? Mo jókòó.

Ta ló wá máa pọn ọmọ? Ìyá ọkọ mi gbé e lọ sí oko kòkó rẹ̀ ní Ajue.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ bá mi rò ó! Ọmú mi gbẹ. Òórùn ọmọ ń kúrò lára ìrọ̀rí díẹ̀díẹ̀, mo sì máa ń fi imú wá a kiri. Bí Ìyá bá gbé e wá sí Ore lọ́jọ́ ọjà, ọmọ á jókòó lórí itan mi fún ìgbà díẹ̀, á bú sẹ́kún, á nawọ́ sí ìyá àgbà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ láyé ni kí n pọ̀n ọ́n, kí n gbé e rìn, kó tó tóbi ju ohun tí à ń pọ̀n lọ. Ọmọ kì í kúkú dúró de ara ìyá rẹ̀ kó tó dàgbà.

Mo yọ ọkọ mi lẹ́nu títí. Ó ní gbòǹgbò igi ló kún ọ̀nà oko, ó ní ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, ó ní bí mo bá ṣubú ńkọ́? Mo ní ṣé orí àga yìí ni kí n kú sí? Ó yá píkọ́ọ̀pù ọ̀gá rẹ̀, ó gbé mi lọ sí Ajue.

Ẹ jẹ́ mọ̀ pé níbẹ̀ náà, wọ́n gbé mi jókòó! Ìyá fi mí sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, ó fún mi ní ọ̀pá kí n máa lé adìẹ. Morẹ́nikẹ́ ti ń di nǹkan mú dìde. Á ṣubú, á fi ìdí jókòó, á tún dìde, gbogbo wọn á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ní tèmi, bí mo bá fi ìdí sún díẹ̀, ariwo!

Níbẹ̀ ni mo ti rí nǹkan kan. Ẹni tó ń yí kòkó lórí sìmẹ́ńtì kì í gbé ẹsẹ̀ sókè. Á bọ́ bàtà, á máa wọ́ ẹsẹ̀ nínú kòkó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè rí oòrùn. Gbogbo wọn ló ń wọ́sẹ̀! Ẹsẹ̀ òsì mi tí mo ń wọ́, tí ojú ń tì mí nítorí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rìn níbẹ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oòrùn mú, kòkó ń fẹ́ yíyí, kò sì sẹ́ni tó máa yí i. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ ṣiṣẹ́ títì, Ìyá wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọmọ. Mo fi ọ̀pá adìẹ ti ara mi dìde, mo ki ẹsẹ̀ bọ kòkó. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó gba ẹsẹ̀ mi mú rọra. Mo wọ́ ọ̀tún, mo wọ́ òsì. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mò ń lọ!

Ìyá yọ, ó figbe ta. Igbe yẹn ló já mi láyà, mo sì ṣubú. Mo fìdí jókòó sínú kòkó gbàgà!

Ó sáré dé kó gbé mi. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé mi.” N ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ ọsibítù sọ sí mi lọ́kàn: mo yí sí ọ̀tún, mo kúnlẹ̀, mo di bẹ́ǹṣì mú, mo dìde. Omi ń dà lójú mi. Kòkó kún irun mi, Ìyá sì ń ṣà á kúrò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń yí kòkó, òun á máa tẹ̀ lé mi lápá òsì. Bí mo bá ṣe tán, màá jókòó sílẹ̀ ṣa èyí tí kò dára, màá tún dìde fúnra mi. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o! Ṣùgbọ́n mo ti mọ ọ̀nà àtidìde, ìṣubú ò wá fi bẹ́ẹ̀ jọ mí lójú mọ́.

Ní ọjọ́ kan, mo jókòó, mò ń ṣa kòkó, Morẹ́nikẹ́ rìn wá, ó fara ti ẹ̀yìn mi. Ìyá fi èdè Ìkálẹ̀ sọ fún un pé kó wá, ó ní, “Ghá, ọma mi,” ó gbé e lé mi lẹ́yìn, ó fi ọ̀já dì í. Ó dúró tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo di bẹ́ǹṣì mú, mo dìde tọmọtọmọ.

Mo gbé e rìn já ìpẹ̀kun kòkó. Mò ń gbọ́ mímí rẹ̀ lọ́rùn mi. Kí n tó yí padà, ó ti ń janpata pé òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, òun náà fẹ́ wọ́sẹ̀ nínú kòkó. Ó ti mọ̀ ọ́n rìn jù. N ò tún pọ̀n ọ́n mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run ò sì fún mi lọ́mọ mìíràn. Títí di òní, bí mo bá rí obìnrin tó pọn ọmọ kọjá, màá máa wò ó títí á fi yà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Ẹni tí sítírókù ṣe, ẹ má fi ìfẹ́ so ó mọ́ àga. Ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣègùn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde lẹ́yìn ìṣubú, kí ẹ sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kò lágbára lára rẹ̀, láìpariwo.

Ǹjẹ́ ẹ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé? Àbí ìwọ fúnra rẹ ni? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ bi í pé kí ló ń wù ú láti dìde ṣe. Nínú gbogbo àwọn tó ní kí n jókòó, kò sí ẹnì kan tó bi mí.