Mo yí oúnjẹ màmá mi padà, ó kù díẹ̀ kí n pàdánù wọn



Màmá mi ní àtọ̀gbẹ. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fòpin sí búrẹ́dì àti ẹ̀bà nílé wa. Ẹ̀fọ́ tí wọn ò fín oògùn sí láti Imota, ẹ̀wà díẹ̀ àti ẹja Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Inú mi ń dùn.

Láàárọ̀ yìí, mo bá wọn lórí àga, òógùn bò wọ́n, gbogbo ara wọn ń gbọ̀n.

"Màámi, kí ló dé?"

Wọ́n wò mí. "Ta nìyẹn?"

Mo figbe ta. Nọ́ọ̀sì tí a jọ ń gbélé sáré wọlé.

"Ṣé wọ́n ti lo oògùn àtọ̀gbẹ wọn?"

"Wọ́n ti lò ó, mà."

"Kí ni wọ́n jẹ?"

"Kùkúńbà nìkan."

"Háà! Ṣúgà ara wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Bu ṣúgà wá kíá, wọ́n ṣì lè gbé e mì!"

Kò sí ṣúgà. Èmi fúnra mi ni mo kó o dànù. Mo sáré lọ tọrọ ṣúgà nílé kejì láìwọ bàtà. A pò ó mọ́ omi, a ń fún wọn díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi pe orúkọ mi. Mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí a pe dókítà wọn, ó ní oúnjẹ náà dára, àmọ́ ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fóun, kí òun lè dín oògùn wọn kù.

Wọ́n ti sùn báyìí. Gbogbo ìgbà ni mò ń lọ wò wọ́n bóyá wọ́n ń mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú òbí, ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.