Ibi Tí Ẹnu Páìpù Kọjú Sí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Òsì, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni ẹ̀rù ti máa ń bà mí. Ẹ ó rò pé iwin ni mò ń bẹ̀rù tàbí ẹgba. Rárá o. Páìpù ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé e wọ agbolé. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra àlòkù ẹ̀rọ kan tí ooru omi ń yí, pé òun yóò máa fi lọ àgbàdo. Inú àgbá irin ńlá ni omi ti ń hó, ooru rẹ̀ á sì gba inú páìpù lọ yí ẹ̀rọ. Bí ooru bá wá pọ̀ ju ohun tí irin lè gbà lọ, fáàfù kan wà tí yóò ṣí fúnra rẹ̀, tí yóò tú u síta, kí àgbá má baà bẹ́ mọ́ wa lórí. Fáàfù yẹn dára. Ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ni wàhálà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́gàjí, olórí agbolé wa, ló kọ́kọ́ kọjú sí. Wọ́n ní ta ló ń fẹ́ ooru sí àgbà lójú? Wọ́n yí i. Ó bọ́ sí fèrèsé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun náà ní ibẹ̀ ni àwọn àlejò òun ń jókòó. Wọ́n tún yí i. Ẹ̀yìnkùlé ló já sí, nídìí àrò tí ìyá mi ti ń pọ́n ẹ̀kọ láràárọ̀, àbúrò mi lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá mi ni ìyàwó tó kéré jù nílé, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ló sì ni gbogbo àyè tó kù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà tiwa wà lọ́jà o.

Lọ́jọ́ kan tí ìyá mi lọ pọnmi, fáàfù ṣí. Ó bo adìẹ kan tó ń jẹ̀ níbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ sì ń já bọ́ fúnra wọn. Wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá mi ní kí ìyá mi ṣe sùúrù, òun ò lè kojú ẹ̀gbọ́n òun. Láti ọjọ́ náà, n kì í lè jẹun tán. Bí àgbá bá ti ń kùn, màá sáré lọ fa ìyá mi láṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú mọ́gàjí.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ kàn wá bá mi jókòó nídìí àrò títí omi inú àgbá á fi hó.”

Àwọn obìnrin ilé bo ẹnu. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní àfojúdi ni. Ṣùgbọ́n mọ́gàjí dìde, ó lọ jókòó lórí àpótí ìyá mi, ó kọjú sí páìpù gan-an. Àgbá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá sáré gbé omi, ó fẹ́ paná.

“Kí lo ń paná fún?” mọ́gàjí bi í. “Ṣé ìyàwó yìí kì í jókòó síbí lójoojúmọ́ ni?”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi da omi náà sí iná. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbé ẹnu páìpù náà ré kọjá òrùlé, ó kọjú sí ọ̀run. Ó pẹ́ gan-an kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó tún dá ìyá mi lóhùn bó bá kí i.

Ayé ti yí padà. Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ẹnjiníà sọ fún mi pé òfin wà báyìí, pé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá ni ẹnu fáàfù gbọ́dọ̀ kọjú sí. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ agbolé wa gbé jẹnẹrétọ̀ tuntun sí ìta, èéfín rẹ̀ sì ń wọ fèrèsé opó kan tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa. Mo ní kí ló dé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, a ti yí i kúrò lọ́dọ̀ tiyín.”