Ọ̀já Tí Wọ́n Fi Pọ̀n Mí

Mo ń dúró de ìdánwò iṣẹ́. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń run òrí, mo bá rántí àgbàlá wa ní ìlú Tamale nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Màámi ń fi òrí pa ikùn oyún rẹ̀, Ìyá àgbà sì ń fa ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n mí ya, kí wọ́n lè fi gba ọmọ tuntun.

Mo bú sẹ́kún. Mo rò pé wọn ò fẹ́ mi mọ́.

"Ẹ fi sílẹ̀, tèmi ni!"

"Háábà, olójúkòkòrò!" ni Ìyá àgbà wí. "Aṣọ ọmọ tó dúró la fi ń gba èyí tó ń bọ̀."

Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé Màámi ti bí méjì ṣáájú mi, tí wọn ò dúró.

Àbúrò mi dúró. Mo dúpẹ́: òun ló lọ aṣọ tí mo wọ̀ wá síbí láàárọ̀ yìí.