Ọjọ́ Tí Mo Dákẹ́ Nídìí Ìkòkò Ata

Mo rántí òórùn ata tó ń jóná. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road nílùú Ọba láàárọ̀ ọjọ́ yẹn á ti gbọ́ ọ, àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé yóò jóná.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ ata sínú ìgò ni. Bàbá kan ní Peckham, tí àwọn àti bàbá mi jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá mi wá iṣẹ́ níbẹ̀, àwọn náà ló sì ń kọ́ mi níṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ. Daddy ni mò ń pè wọ́n. Láràárọ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárín àwọn ẹ̀rọ, tèmi ti bàtà onírin lẹ́sẹ̀, táwọn òyìnbó á máa wò mí.

Ẹ̀rọ méjì ló wà nídìí ìkòkò ńlá tí wọ́n ti ń se ata, a sì ń pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ń wo bí ata ṣe gbóná tó, á wá máa pàṣẹ fún àbúrò, èyí tó ń ṣí ooru omi sílẹ̀ tàbí tó ń dín in kù. Cascade ni wọ́n ń pè é. Daddy ní kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀: “Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.” Tí a bá ń tọ́ wọn, ìyẹn ni ká tún wọn tò kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ déédéé, àbúrò la máa ń kọ́kọ́ mú. Nígbà náà, a ó yọ ọ́ kúrò lábẹ́ àṣẹ ẹ̀gbọ́n, iná pupa á tàn. Tí a bá parí, a ó dá a padà, iná pupa á kú.

Lọ́jọ́ náà, a ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ ni mánéjà dé. Ó ti ń sọ pé Daddy ti dàgbà jù, ó ti fún wọn níwèé ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì péré ló kù kí wọ́n gba pension. Daddy sáré dìde, wọ́n ní, “All done.” Iná pupa ṣì ń tàn. Mo rí i. Ọ̀rọ̀ yún mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í já àgbà nírọ́ lójú àlejò, áḿbọ̀sìbọ́sí lójú òyìnbó. Mo ní tí mánéjà bá lọ, màá sọ. Ọmọlúàbí paraku ni mí nígbà yẹn. Mánéjà mú Daddy lọ sí ọ́fíìsì, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bíi tèmi ò sì láṣẹ láti dá fọwọ́ kan ẹ̀rọ, mi ò sì lè lọ já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ̀gbọ́n ń pàṣẹ pé ó tó, àbúrò ò gbọ́. Kí wọ́n tó padà dé, ata ti di èédú.

Wọ́n dá Daddy dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo lọ kúnlẹ̀ ní fúláàtì wọn, mo ní, “Daddy, mo rí iná yẹn. Mi ò fẹ́ dójú tì yín ni.”

Wọ́n ní, “Ta ló wá dójú tì mí báyìí, ọmọ mi?”

Wọn ò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ìtìjú ò jẹ́ kí n padà lọ kí wọn mọ́, wọ́n sì kú kí òtútù ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Èmi ni mò ń kọ́ni báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá kí n kọ́ ọ níṣẹ́, ará Ìbàdàn. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín àwọn ẹ̀rọ, mo fà á dìde kíákíá. Nígbà tí a tọ́ ẹ̀rọ tán, mo bi í bóyá gbogbo ẹ̀ ti tọ́ lójú tiẹ̀.

Ó tẹrí ba. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù, Aunty.”

Mo padà lọ wo iná pupa náà fúnra mi.