Ọwọ́ Òsì, Ọwọ́ Òṣì

Màmá aránṣọ gba àlùmọ́gàjí kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún mi, wọ́n mú òmíràn tó jẹ́ ti ọlọ́wọ́ òsì, wọ́n fi sí ọwọ́ mi kejì, wọ́n ní kí n máa gé e lọ. Wọ́n ti ń wò mí látàárọ̀ bí mo ṣe ń ba àjákù aṣọ jẹ́. Òórùn aṣọ tuntun àti ti áyọ́ọ̀nù eléèédú gba gbogbo yàrá. Àlùmọ́gàjí náà ń dún kẹ́rẹ́ kẹ́rẹ́ lórí tábìlì, ó ń tọ ìlà ṣọ́ọ̀kì láti òkè délẹ̀, kò yà sí ibì kankan. Ni mo bá bú sẹ́kún.

Koumassi Remblais, àdúgbò kan nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, là ń gbé nígbà náà, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ Kétu ni màmá aránṣọ yìí, yàrá wọn ló tẹ̀ lé tiwa nínú àgbàlá. Wọ́n bi mí ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Mo ní mi ò fẹ́ kí òsì ta mí.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìbàdàn ni ìyá mi. Lẹ́nu tiwọn, "isẹ́" ni "iṣẹ́", "òsì" sì ni "òṣì". Faransé là ń kọ́ níléèwé, mi ò rí Yorùbá lójú ìwé rí. Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá gbá mi lọ́wọ́ nídìí oúnjẹ, tí wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ òsì yẹn kúrò, ohun tí mò ń gbọ́ ni pé ọwọ́ ìyà ni Ọlọ́run dá mọ́ mi.

Màmá aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Òsì ni, kì í ṣe òṣì. Ọ̀tọ̀ lèyí, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èmi gan-an ò lè gé ìlà yìí mọ́ bí o ṣe gé e." Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mo mọ nǹkan kan án ṣe.

Wọ́n bẹ ìyá mi títí wọ́n fi gbà kí n máa lọ sọ́dọ̀ wọn ní Ọjọ́rú tí kò sí iléèwé. Ìyá mi rò pé pín-ìnnì ni mò ń ṣà nílẹ̀. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń wo èjìká èèyàn dáadáa ká tó fi tépù wọ̀n ọ́n. Láàárín oṣù díẹ̀, gígé di tèmi, rírán di tiwọn. Wọ́n ní èmi lòun máa fi ẹ̀rọ òun sílẹ̀ fún.

Obìnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé léèsì funfun wá, ti ìkórè. Èmi ni mo gé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wọ̀ ọ́ wò, ìyá mi wà níbẹ̀. Aṣọ náà bá wọn mu débi pé wọn ò fẹ́ kúrò nídìí dígí. Inú màmá aránṣọ dùn, wọ́n fà mí síwájú.

"Ọmọ yìí ló gé e. Ọwọ́ òsì ló sì fi gé e."

Ojú obìnrin náà yí padà. Wọ́n ní ṣé aṣọ tí òun fẹ́ wọ̀ lọ síwájú Ọlọ́run ni wọ́n fi ọwọ́ òsì gé. Ìyá mi bi mí bóyá lóòótọ́ ni. Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn. Èdè iléèwé ló bọ́ sí mi lẹ́nu:

"C'est pas moi. Èmi kọ́."

Màmá aránṣọ wò mí, wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní àwàdà lòun ń ṣe, òun lòun gé e. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Èmi ọ̀dájú, mo dúró, mò ń wò wọ́n.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí lójú fèrèsé, mo dákẹ́ sínú yàrá wa. Èyí tó tẹ̀ lé e náà, wọ́n pè mí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò pè mọ́. Kí ọdún tó parí, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ta ẹ̀rọ wọn, wọ́n padà sí Kétu. A gbọ́ pé wọ́n kú síbẹ̀. Mi ò tọrọ àforíjì.

Ọ́fíìsì kan ní Plateau, àárín ìlú wa, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, ìkọ̀wé mi sì ń wọ́. Mo mọ iṣẹ́ mi. Mo lè sọ ọ́ níbí torí pé kò sẹ́ni tó ń wò mí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa gbé ìwé tí mo ṣe sókè níwájú gbogbo wa, wọ́n ní ta ló ṣiṣẹ́ tó dára báyìí. Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn pé "C'est pas moi." Ẹlòmíràn ni wọ́n yìn. Mi ò bínú sí i, mo mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ká ní mo lè rí màmá yẹn ní ìṣẹ́jú kan péré, ohun kan ṣoṣo ni mo máa sọ fún wọn: èmi ni mo gé e, màmá.